Ọgbà Tí Kò Gbọ́dọ̀ Ní Wáyà

Ní ọdún tí ìjà ìlú Wárì gbóná jù, ìbọn nìkan kọ́ ló ń dẹ́rù bà wá nílé wa. Pípọ́n àgbálùmọ̀ náà ń dẹ́rù bà wá. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí bàbá mi bá rí i pé èso igi ńlá tó wà láàárín ọgbà wa ti ń pa àwọ̀ dà, ojú rẹ̀ á fà ro, kò ní í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà mọ́. Tí àgbálùmọ̀ bá pọ́n, á já bọ́ fúnra rẹ̀. Tó bá já bọ́, ẹnikẹ́ni tó bá wù ló lè wọlé wá ṣà á, a kò sì gbọ́dọ̀ bi í pé ọmọ ta ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí wa ló dàrú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá bàbá mi. Aṣọ ló ń tà, ó ń gbé e káàkiri àwọn ìlú etí odò nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ Urhobo, ará Ekete ní òdìkejì odò. Ọ̀rẹ́ yìí ló fún un ní ilẹ̀. Kò tà á fún un o, ó fún un ni. Ó ní kó gbin ohun tó bá wù ú, kí ọmọ rẹ̀ jẹ níbẹ̀, kí ọmọ ọmọ rẹ̀ náà jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun yí ilẹ̀ náà ká, ìbáà ṣe ògiri, ìbáà ṣe wáyà, nítorí pé ẹni tó bá yí ilẹ̀ ká ti sọ pé tòun ni. Ní ti igi àgbálùmọ̀ kan tó ti wà níbẹ̀ kí bàbá bàbá mi tó dé, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ṣẹ́rì, ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ gùn ún láti ká èso rẹ̀, ẹnì kankan kò sì gbọ́dọ̀ lé ẹni tó bá wá ṣa èyí tó já bọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nìyẹn. Èso igi yòókù jẹ́ tiwa. Ti abẹ́ àgbálùmọ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé.

Bàbá bàbá mi gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ki iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ọsàn ló kọ́kọ́ gbìn, èyí tó kó ọ̀gbìn rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú nínú àpò tútù. Lẹ́yìn náà ló gbin máńgòrò, píà, gúrọ́fà àti ìyeyè, ó wá gbin àgbọn síbi tí ilẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ lọ sódò. Nígbà tó kú, bàbá mi gbà á, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, ìyẹn ìyá àgbà wa, ló mọ ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà kì í pe ibẹ̀ ní ohun mìíràn ju “ọgbà ọkọ mi” lọ. Obìnrin kan sọ fún un lọ́jà lọ́jọ́ kan pé orí ilẹ̀ àwọn ló ti ń jẹun. Ó palẹ̀ ọsàn rẹ̀ mọ́, ó gbé e relé láìta ẹyọ kan, kò sì kí obìnrin náà mọ́ títí àwọn méjèèjì fi gbàgbé ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Ìjẹ̀bú ni, ó mọ bí wọ́n ti ń di nǹkan mú.

Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbassa, láàárín ìlú Wárì, ní òdìkejì afárá. Ìṣó, páànù, sìmẹ́ńtì àti wáyà ló ń tà níbẹ̀. Nígbà tí ìjà dé, ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì ju ọjọ́ tó fi wà ní ṣíṣí lọ. Ìjà náà kì í ṣe tiwa. Àwọn tó nílẹ̀ ló ń jà lórí ẹni tó nílẹ̀, àwa tí a kò nílẹ̀ kankan ń sá kiri láàárín wọn. Bí èyí kò tilẹ̀ tó, èdè wa jọ ti Ìṣẹ̀kírì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà, létí ẹni tí kò gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn, nítorí náà bàbá mi kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá níta, pàápàá nínú bọ́ọ̀sì. Ìyẹn kò ni èmi àti àwọn àbúrò mi lára, Pidgin la fi ń jà, òun náà la fi ń ṣeré. Ìyá àgbà ni ìyà jẹ. Bó bá ti wọ bọ́ọ̀sì, ó di odi títí á fi sọ̀kalẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí àkókò tí bàbá mi máa ń gba orí afárá padà wálé bá ti ń sún mọ́, ara wa kì í balẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ń retí rẹ̀. Èmi, tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ń retí yunifásítì, á mú ìgbálẹ̀, n ó máa gbá iwájú ilé tí mo ti gbá láàárọ̀. Ìyá mi á ní òun ń kó aṣọ tó gbẹ. Ìyá àgbà á ní afẹ́fẹ́ lòun ń gbà. Bí a bá rí i lókèèrè tó ń bọ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lábíyá, oníkálukú á sáré padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé a kò rí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ìyá àgbà wà nínú ọgbà, à ń ṣa ọsàn sínú agbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mélòó kan sáré gòkè láti etídò, wọ́n gbé ìbọn dání. Wọn kò wò wá. Ọ̀kan nínú wọn dúró lábẹ́ àgbálùmọ̀, ó mú èso kan nílẹ̀, ó fi nu ṣòkòtò rẹ̀, ó gé e jẹ, ó sì tún sáré lọ. Kò pẹ́ tí àwọn sójà fi dé lẹ́yìn wọn. Ìyá àgbà gbá mi mú, ó sì dùbúlẹ̀ lé mi lórí. Mo gbọ́ bí ọta ìbọn ṣe ń wọ inú igi máńgòrò. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń la igi gbẹ, àyà mi á já.

Wọn kò rí ẹnì kankan mú. Ọ̀gá wọn wá bá bàbá mi nílé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí. Ó béèrè ẹni tó ni ọgbà. Bàbá mi ní òun ni. Ó béèrè ìdí tí kò fi ní wáyà tàbí ògiri. Bàbá mi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àgbálùmọ̀ fún un, bí mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín yìí.

Ọ̀gá sójà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “So if person carry gun enter, e go talk say na cherry e come pick?”

Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Fence am. Put gate, lock am,” ló wí. “If I come back and I no see fence, I go bring machine clear everything.”

Kò sọ ọjọ́ tó máa padà. Bóyá ó mọ̀ pé àìsọ náà ni yóò jẹ wá lára jù.

Ilé wa kò rójú láti ọjọ́ náà. Bàbá mi ní wáyà lòun máa fi yí i ká, ọ̀rọ̀ parí. Ìyá àgbà ní ọjọ́ tí wáyà bá wọ ibẹ̀, ọjọ́ náà ni bàbá bàbá mi di olè nínú sàréè. Káfíńtà tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, wá kan ilẹ̀kùn wa.

“Oga,” ló wí fún bàbá mi, “for this kind time, you wey no come from here wan wire land? Boys don dey ask me question o.”

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó. “Bí n kò bá na wáyà, sójà á wó igi mi,” ó wí. “Bí mo bá na wáyà, àwọn ará àdúgbò á sun ilé mi. Ẹ bá mi mú ọ̀kan.” Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọdún tí a ti lò ní Ekete pọ̀, mo sì rò pé a kì í ṣe àjòjì mọ́, àṣé mò ń tan ara mi.

Ó gbé wáyà ẹlẹ́gùn-ún wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ní orí afárá, àwọn sójà ní kó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó wá ń ṣàlàyé fún sójà pé sójà ló ní kí òun ṣe é. Bó ti délé ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò tó máa ri òpó mọ́. Èmi ni mò ń bá a kó iyẹ̀pẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń wá ṣa àgbálùmọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kí wa ti yí padà. Wọ́n á wo ihò, wọ́n á wo wa, wọ́n á ṣa tiwọn, wọ́n á lọ. Obìnrin kan tó ti ń ṣà á níbẹ̀ láti kékeré dúró tì mí.

“Na grave una dey dig?” ló bi mí.

Mo tẹ orí ba, mo ń kó iyẹ̀pẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà wẹ̀, ó ró aṣọ tó dára, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ilé bàbá onílẹ̀ ló ń lọ, ìyẹn ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá bàbá mi tó fún wa nílẹ̀. Bàbá náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà jù ú lọ. Nígbà tí ìyá àgbà kọ́kọ́ dé Ekete gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ọmọ tí wọ́n ń rán lọ pọnmi ni bàbá náà. Síbẹ̀ “our wife” ló máa ń pè é, láti fi í ṣe ẹlẹ́yà.

“Our wife,” ló wí bó ti rí wa, “I hear say your pikin wan lock me commot for my papa land.”

“Na sojer,” ni ìyá àgbà dáhùn. “Sojer say e go cut everything. My pikin dey fear. Me too dey fear.”

N kò gbọ́ kí ìyá àgbà sọ pé ẹ̀rù ń ba òun rí. Bàbá náà ń fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀. Ó béèrè bóyá ọsàn ṣì ń so dáadáa. Ó béèrè nípa àwọn àbúrò mi. Nígbà tí a dìde, ó ní òun á wá wò ó. Kò sọ ìgbà tó máa wá, ìyá àgbà kò sì béèrè. Gbogbo ọ̀nà tí a fi ń bọ̀ nílé, mo ń bínú sí àwọn àgbàlagbà tí kì í sọ ojú abẹ níkòó.

Bàbá mi ti na wáyà sí apá etídò, ó ń kan ìṣó mọ́ òpó apá kejì, nígbà tí a gbọ́ dídún katapílà lójú títì. Ọkọ̀ sójà ló ṣáájú, ẹ̀rọ náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo àdúgbò jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi káfíńtà léèrè ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n ká apá mọ́ àyà, wáyà ni wọ́n ń wò, wọn kò wo sójà. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, n kò rí ibi tí orí á ti yọ wá.

Ọ̀gá sójà sọ̀kalẹ̀. Ó wo apá tí wáyà wà, ó wo ibi tí kò sí. “You never finish,” ló wí fún bàbá mi. Bàbá mi ní kó jọ̀wọ́, kó fún òun láàyè díẹ̀ sí i. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀kadà kan gbé bàbá onílẹ̀ dé. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó sán aṣọ mọ́ ìdí, bó ti wà nígbà tí ẹnì kan sáré lọ pè é nìyẹn.

“Who get this place?” ni ọ̀gá sójà béèrè, ó ń wo ojú gbogbo wa.

“Na me,” ni bàbá onílẹ̀ dá a lóhùn.

“This man talk say na him get am.”

“Him dey plant. Na me get land. Anybody wey enter here, na me you go hold.”

Ọ̀gá sójà kò gbà á gbọ́. Ó wò yíká, ó rí ìyá àgbà níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì bi í. “Mama, na true? Na this man get am?”

Katapílà náà ń dún lẹ́yìn wa. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìdáhùn náà túmọ̀ sí lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ta ló nílẹ̀ ni wọ́n ń torí rẹ̀ pa ara wọn ní ìlú, ó wá ku kí obìnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, lójú sójà àti lójú gbogbo àdúgbò, pé ilẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ẹyin lohùn. Bàbá mi mi orí sí i láti ìdí òpó, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́ ketekete, òun tó ní ká má sọ ọ́ níta. “Ìyá, ẹ má wí i.”

Ìyá àgbà rìn lọ bá bàbá onílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá àgbà tó jù ú lọ, tó ti rí i nígbà tó wà ní ìhòòhò ọmọdé. “Na him get am,” ó wí. “We dey beg chop.”

Bàbá onílẹ̀ kò lè wò ó. Ó gbójú sókè sí igi bí ẹni pé ó ń wá nǹkan. Ọ̀gá sójà wá sọ fún bàbá náà pé bí òun bá tún rí ìbọn níbẹ̀, bàbá náà lòun máa wá mú. Bàbá náà ní ó dára. Ọ̀gá sójà na ọwọ́ sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀, katapílà sì yí padà. Káfíńtà àti àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ló bá wa tú wáyà kúrò, wọ́n tún bá wa dí àwọn ihò náà.

Ikú tó bá fẹ́ pani tó ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là ń dá. Kò sẹ́ni tó dá ọpẹ́ nílé wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sunkún nítorí ìbínú. Ojú tì mí pé wọ́n rí ìyá àgbà mi lórí eékún níwájú ẹni tó jù lọ. Bàbá mi kò jẹun.

“Ẹ ti fi ọgbà bàbá mi tọrẹ,” ó wí fún ìyá rẹ̀.

“Igi ni ọkọ mi gbìn,” ni ìyá àgbà fèsì. “Ta ló sọ fún ọ pé ó gbin ilẹ̀?” Ó wá ní kí n gbé omi wá kí òun fi fọ eékún òun.

Jálẹ̀ ìgbà tí wàhálà náà fi wà, bàbá onílẹ̀ máa ń wá jókòó lábẹ́ àgbálùmọ̀ láàárọ̀, ó ń bi àwọn tó bá wá ṣà á léèrè ilé tí wọ́n ti wá. Òun lè béèrè, àwa kò lè béèrè. Kò ká ọsàn kan rí láìjẹ́ pé ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò pe ibẹ̀ ní “ọgbà ọkọ mi” mọ́. “Ọgbà” ló ń pè é. Ọdọọdún, tí ọsàn bá pọ̀, ó máa ń gbé agbọ̀n kan lọ sílé bàbá náà, á kúnlẹ̀, á sì tún sọ ọ́ pé ilẹ̀ jẹ́ tiwọn, jíjẹ là ń jẹ níbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tó gbà wá là kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ lẹ́nu wa. Nígbà tó kú, bàbá mi, tó ti bínú tó bẹ́ẹ̀, ló ń lọ. Bàbá onílẹ̀ náà ti kú, ọmọ rẹ̀ ni bàbá mi ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Èmi ni ọgbà kàn báyìí. Àwọn àbúrò mi wà nílẹ̀ òkèèrè, wọn kò béèrè rẹ̀. Ilé ti yí wa ká ní Ekete, alájà méjì, alájà mẹ́ta, ọgbà wa nìkan ló ṣì ní igi. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń di ọsàn sínú agbọ̀n láti gbé lọ, mo máa ń dáwọ́ dúró tẹ́tí bíi pé katapílà ń bọ̀. Ẹnu wa la fi gba ọgbà yìí là, mo sì mọ̀ pé ẹnu wa náà lè gbà á lọ.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo gbọ́ pé ọmọ bàbá onílẹ̀ náà ti kú. Mo gbé agbọ̀n mi lọ bó ti yẹ. Ọmọkùnrin rẹ̀ ni mo bá ní pálọ̀. Abuja ló ń gbé, ó wá sìnkú bàbá rẹ̀ ni. Mo tó bí i lọ́mọ. Mo kúnlẹ̀, mo bá a kẹ́dùn, mo sì sọ ọ́ bí wọ́n ti kọ́ mi, pé àwọn ló ni ilẹ̀ tí ọgbà wà lórí rẹ̀, pé jíjẹ là ń jẹ níbẹ̀.

Ó sáré dì mí léjìká mú. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. “Aunty, abeg, no kneel for me,” ló wí. Ó fà mí dìde, ó gbé àga fún mi, ó mú ọsàn kan nínú agbọ̀n, ó ń yí i lọ́wọ́.

“I no even know say we get land for that side,” ló wí. Ó mú fóònù rẹ̀ lórí tábìlì. “Aunty, na like how many plots?”

Mo ní n kò mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi agbọ̀n náà sílẹ̀ fún un.